Bí onílé bá ní kí ẹ kó jáde nígbà tí owó ilé yín kò tíì tán

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, aládùúgbò mi kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kanlẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Aránṣọ ni. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ iléèwé, tí wọ́n fi báírò pupa kọ: “Mo fún ọ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí o fi kó jáde. Ọmọ mi ń ti òkè òkun bọ̀.” Kò sí déètì níbẹ̀, kò sí orúkọ, ẹnikẹ́ni kò sì buwọ́ lù ú. Abẹ́ ìlẹ̀kùn ni wọ́n tì í gbà. Owó ọdún kan gbáko ni obìnrin yìí san, oṣù mẹ́rin péré ló sì tíì lò. Kó tó wá bá mi, ó ti ń ká aṣọ oníbàárà sínú báàgì Ghana-must-go.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó ti gbà. “Ilé wọn kúkú ni,” ló ń wí ṣáá. Lóòótọ́, ilé wọn ni. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ tó kù nínú owó tó san, tirẹ̀ ni. Onílé ti gbowó oṣù wọ̀nyẹn, wọ́n ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí dúró lé.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní

Ẹ má ká ẹrù. Ẹ má buwọ́ lu ìwé kankan. Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù sọ pé “ó dáa, màá kó lọ”, torí bí ẹ bá fẹnu ara yín gbà láti jáde, tí ẹ sì gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ọwọ́ ara yín lẹ fi parí àdéhùn ilé náà.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ lọ kí wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ àgbà, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìkúnlẹ̀ kò gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ lè sọ pé: “Bàbá, mo rí ìwé yín. Mo ṣì ní oṣù mẹ́jọ nínú owó tí mo san. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.” Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ gbọ́ wọn. Nígbà mìíràn, ọmọ ló ń dà wọ́n láàmú, nígbà mìíràn ẹnì kan ló fi owó tó ju tiyín lọ̀ wọ́n. Ó dáa kí ẹ mọ èyí tó jẹ́, torí òun lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ wá ìwé yín jáde

Rìsíìtì, àgírímẹ́ǹtì, alẹ́ẹ̀tì báǹkì ọjọ́ tí ẹ san owó: ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tí kò gbé inú ilé kan náà. Mo ti rí ibi tí rìsíìtì ti sọnù láàárín ọ̀sẹ̀ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀.

Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Ìpẹru, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé ilé láìsí àgírímẹ́ǹtì kankan. Wọ́n kó owó fún bàbá onílé, bàbá kà á, wọ́n súre, ó tán. Ẹ má rò pé ẹ kò ní ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi dúró. Àdéhùn ẹnu fún ọdún kan lágbára lábẹ́ òfin. Ohun tí ẹ nílò ni ẹ̀rí pé owó kọjá sọ́wọ́ wọn: alẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp, ejẹ́ǹtì tó mú yín wọlé, tàbí aládùúgbò tó wà níbẹ̀.

Bí àgírímẹ́ǹtì bá wà, ẹ wo ọjọ́ tí ìgbé yín bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ wò ó bóyá ibì kan wà tó sọ pé onílé lè lé yín kí ọjọ́ náà tó pé, àti iye ìgbà tó gbọ́dọ̀ fi kìlọ̀ fún yín. Ibi kejì yìí ni kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i pé oṣù kan ni ìkìlọ̀, oṣù kan náà ló máa jẹ́. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, tí ẹ kò sì ṣẹ̀ sí àdéhùn, onílé kò lè gé ọdún tó ti gbowó rẹ̀ kúrú. Pé ọmọ rẹ̀ fẹ́ wá gbé ibẹ̀ kò yí i padà, bẹ́ẹ̀ náà ni pé owó ilé ti gbówó lórí ládùúgbò. Ohun tó lè fún un láyè ni kí ẹ jẹ owó ilé, kí ẹ ba ilé jẹ́, kí ẹ fi ilé gbígbé ṣe iṣẹ́ tí àdéhùn kọ̀, tàbí kí ẹ gbé e fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá kàn yín, ẹ tètè tún un ṣe kó tó di ẹjọ́.

Ìwé kúìtì tó pé àti èyí tí kò pé

Ìwé kúìtì ni ìwé tí onílé fi ń kìlọ̀ fún ayálégbé pé kó jáde. Bí àdéhùn kò bá sọ iye ìgbà tí ìkìlọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́, bí ẹ ṣe ń sanwó ni òfin máa wò. Ẹni tó ń san lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 1. Ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù 1. Ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, oṣù 3. Ẹni tó ń san lọ́dọọdún, oṣù 6.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ oṣù mẹ́fà yìí, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tó yẹ kó parí sí. Ká ní ẹ ti ń san owó lọ́dọọdún, láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kejìlá. Onílé kò lè fún yín níwèé ní oṣù kẹta kó ní oṣù kẹsàn-án lẹ ó jáde. Ìparí ọdún tí ẹ sanwó rẹ̀ ló yẹ kí ìkìlọ̀ náà parí sí. Bó bá sì jẹ́ oṣù kẹwàá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín níwèé pé kí ẹ jáde ní oṣù kejìlá, oṣù mẹ́fà kò pé.

Ẹ kíyè sí èyí o: bí àgírímẹ́ǹtì bá dá ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, tí ọjọ́ ìparí sì ti kọjá, onílé kò nílò ìwé oṣù mẹ́fà mọ́. Ìwé ọjọ́ 7 tó fi sọ pé òun ń lọ gba ilé òun ní kóòtù ti tó. Àmọ́ bó bá tún gba owó ọdún mìíràn lọ́wọ́ yín láìṣe àgírímẹ́ǹtì tuntun, ẹ ti di ayálégbé ọdọọdún, oṣù mẹ́fà yín sì padà wálẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwọn èèyàn ń kà kiri nípa ẹ̀tọ́ ayálégbé, Òfin Ìyálégbé Èkó ti 2011 ni wọ́n ń sọ. Òun ló ní onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó nìyẹn, kò dé Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Bí ẹ bá ń gbé Ṣágámù tí ẹ sì ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀, ibi tí ilé wà ni òfin ń wò. Torí náà, ẹ má fi abala òfin Èkó halẹ̀ mọ́ onílé ní Màkún, ní Ṣágámù. Lọ́yà rẹ̀ á fi yín rẹ́rìn-ín.

Ẹ dá ìwé padà pẹ̀lú ìwé

Ẹ kọ lẹ́tà kékeré. Kò nílò gẹ̀ẹ́sì ńlá. Ẹ kọ déètì, orúkọ yín, rúùmù tàbí fúláàtì tí ẹ ń gbé, iye tí ẹ san, ọjọ́ tí ẹ san án, ọjọ́ tó máa parí, kí ẹ sì sọ pé ẹ kò gbà láti jáde ṣáájú ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí onílé tàbí ejẹ́ǹtì buwọ́ lu ọ̀kan. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù.

Bí àsìkò owó mìíràn bá kò yín síbẹ̀, ẹ má dáwọ́ owó dúró nítorí ìbínú. Bí onílé bá kọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí ẹ ti ń san án sí. Gbèsè owó ilé ni ọ̀nà tó yá jù tí ẹ fi máa di ẹlẹ́bi nínú ẹjọ́ tí ẹ̀ bá jàre.

Bí ẹni tó ń lé yín kò bá ṣe ẹni tí ẹ sanwó fún

Èyí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa gan-an. Bàbá onílé kú, àwọn ọmọ ti Èkó àti òkè òkun dé fún Iléyá, wọ́n ṣe Ojúde Ọba tán, ọ̀kan nínú wọn yọ sí àgbàlá: “Èmi ni àkọ́bí, mo fún yín dòpin oṣù.” Ọjọ́ kejì, ọmọ ìyàwó kejì dé, ó ní kí ẹ má dá a lóhùn, òun ni kí ẹ máa sanwó fún.

Ikú onílé kò pa owó tí ẹ ti san. Àwọn tó jogún ilé jogún àdéhùn yín pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá tiẹ̀ ta ilé, ẹni tó rà á bá yín níbẹ̀ ni, ó sì gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà yín. Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ẹbí tàbí kóòtù ló yan ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ má dá sí ìjà wọn, ẹ má gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó san owó ọdún tó ń bọ̀, kí olórí ẹbí àti àwọn ọmọ fọwọ́ sí ìwé ẹni tí ẹ ó san án fún, kí ẹ má baà san án lẹ́ẹ̀mejì.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi agbára lé yín

Àwọn kan máa ń pààrọ̀ àgádágodo, àwọn kan á gé iná ní mítà, àwọn kan á ṣí páànù lórí ènìyàn nínú òjò. Òfin kò fún onílé láṣẹ èyíkéyìí nínú wọn, kódà bí ọdún yín bá ti tán. Ní 1997, nínú ẹjọ́ Iheanacho àti Uzochukwu, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ là á mọ́lẹ̀: kí onílé kọ́kọ́ fi ìwé kúìtì tó yẹ parí ìyálégbé náà, bí kò bá tíì parí fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà kó fún ayálégbé níwèé ọjọ́ 7, lẹ́yìn ìyẹn kó lọ sí kóòtù. Béílíìfù kóòtù tó mú ìwé àṣẹ adájọ́ lọ́wọ́ nìkan ló lè kó ẹrù yín síta.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má bá àwọn ọmọ ìta jà. Ẹ ya fọ́tò àti fídíò, ẹ kọ wákàtí àti ọjọ́ sílẹ̀, ẹ pe aládùúgbò méjì kó wá rí i. Ẹ lọ fi tó ọlọ́pàá létí pé wọ́n já wọ inú ilé yín tàbí pé wọ́n ba ẹrù yín jẹ́. Bó bá sì jẹ́ onílé ló kó ọlọ́pàá wá lé yín, ẹ fi sùúrù rán wọn létí Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, abala 32: wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé wọ́n ní ó ṣẹ̀ sí àdéhùn. Ọ̀rọ̀ owó ilé kì í ṣe ọ̀ràn ọlọ́pàá.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ wá lọ́yà. Bí owó kò bá sí, Legal Aid Council wà fún irú yín, ìjọba àpapọ̀ ló dá a sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní Ṣágámù. Ẹ lọ béèrè ẹni tó lè ran yín lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí ìwé kóòtù bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lọ. Ẹ má sá fún béílíìfù, ẹ má sì gbọ́kàn lé pé ìwé kúìtì onílé ní àṣìṣe. Ní 2021, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá àwọn ayálégbé tó ń fara pamọ́ sábẹ́ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ wí gidigidi, nítorí wọ́n ń fi jókòó sílé onílé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kó rìsíìtì yín dání, ẹ sọ òótọ́. Bí adájọ́ bá tiẹ̀ ní kí ẹ jáde, ẹ lè bẹ̀ ẹ́ fún àsìkò.

Bí ẹ bá fẹ́ jáde pẹ̀lú àlàáfíà

Nígbà mìíràn, jíjáde ló sàn jù. Ènìyàn kì í gbádùn ilé tí onílé ti ń bojú jẹ́ sí i láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má jáde lọ́wọ́ òfo. Aránṣọ tí mo sọ lókè san ₦240,000 fún ọdún kan, ìyẹn ₦20,000 lóṣù. Oṣù mẹ́jọ tó kù jẹ́ ₦160,000. A jókòó, a ṣírò rẹ̀ sórí ìwé, a fi kọ́ṣọ̀n fíì, ìyẹn owó tó fi sọ́wọ́ onílé torí bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, kún un àti owó ọkọ̀ tó máa kẹ́rù. Àgbà kan ládùúgbò bá wa wọlé sọ́dọ̀ onílé. Bàbá kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní kí la pe ara wa. Nígbà tí àgbà náà ka iye náà fún wọn lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí wọ́n gbé omi wá fún wa.

Wọ́n fẹnu kò sí oṣù kan dípò ọ̀sẹ̀ méjì, owó oṣù náà sì kúrò nínú ohun tí wọ́n máa dá padà. A kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú, àgbà náà sì ṣe ẹlẹ́rìí. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì ti wà nínú ọkọ̀, ìlẹ̀kùn ṣì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ onílé na ọwọ́ sí i. Aránṣọ náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí alẹ́ẹ̀tì wọlé ná.” A dúró tó ogún ìṣẹ́jú níwájú géètì. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ó ka iye náà sókè, ó fi hàn mí, ó wá gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn.