Má Fi Gíga Mọ Ọjọ́ Orí Tẹ̀tẹ̀ Ẹlẹ́gùn-ún

Àṣìṣe tó burú jù lọ́wọ́ àwọn tó ń bá tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún jà lóko ni pé gíga rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Bó bá ga, wọ́n á ní ó ti gbó. Bó bá kúrú, wọ́n á ní ó ṣì kéré, ó di ọjọ́ mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ ọlọ́ràá tó lómi, tí oòrùn sì ń pa dáadáa, èpò yìí lè ga tó mítà kan, kó pẹ̀ka káàkiri. Lórí ilẹ̀ líle tó ti ṣá, ó lè máà ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ kó ti so. Kékeré yẹn ló léwu, torí kò sẹ́ni tó kà á sí. Orí rẹ̀ àti ìdí ewé, níbi tí ewé ti so mọ́ igi rẹ̀, ni kẹ́ ẹ wò: bí ṣírí òdòdó bá ti ń yọ, ẹ fà á tu lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tẹ̀tẹ̀ ló tún máa ń yára tanná nígbà tí ọ̀sán bá ń kúrú. Èyí tó pẹ́ kó tó hù kì í tóbi, irúgbìn rẹ̀ kì í sì í pọ̀ tó ti àkọ́hù, àmọ́ ó máa ń so ṣá.

Ẹ má rò pé òjìji ohun ọ̀gbìn ti bá yín pa á. Lábẹ́ òjìji, ó máa ń nà tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á fẹ̀, á sì fẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ kó lè rí ìmọ́lẹ̀. Òjìji ń dín irúgbìn rẹ̀ kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó láti dá iṣẹ́ náà ṣe.

Gígé orí lásán náà kò dára. Á yọ ẹ̀ka nísàlẹ̀, á sì so níbi tí àdá kò dé mọ́.

Ní ti oògùn èpò, ẹ má fín in nígbà ọ̀dá. Ìda ara ewé á ti nípọn, oògùn kò ní wọlé bó ṣe yẹ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń kìlọ̀ pé kí tẹ̀tẹ̀ Palmer, èpò mìíràn tó jẹ́ ìbátan ẹlẹ́gùn-ún, má ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ kí wọ́n tó fín in, bẹ́ẹ̀ ó lè ga sí i ní sẹ̀ǹtímítà 5 lójúmọ́ kan bí ilẹ̀ àti ooru bá bá a lára mu. Ẹni tó bá sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ti pẹ́ jù.

Ẹ̀yin tó ń wọn èpò fún ìwádìí, ẹ má wọn igun oko kan kẹ́ ẹ sọ pé bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má sì yára pe kúkúrú ní ìran ọ̀tọ̀. Ẹ kó irúgbìn ibi méjèèjì, ẹ gbìn wọ́n sórí ilẹ̀ kan náà. Bí wọ́n bá bára mu, ilẹ̀ ló fà á. Bí ìyàtọ̀ bá ṣì wà, ẹ tún gbin èyí tí wọ́n bá so níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé ìran ni, torí bí ìyá èpò ṣe jẹun tó máa ń hàn lára ọmọ àkọ́kọ́.