Kí ẹ tó sanwó fún owó ẹyọ wúrà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra owó ẹyọ wúrà, kó kọ́kọ́ wo iye tí wúrà ń lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣírò iye wúrà inú rẹ̀. Owó tí ọlọ́jà bá fi lé iye wúrà náà ni kí ẹ dúnàá-dúrà lé lórí. Bí ẹnìkan bá fẹ́ tà á ní iye tó kéré sí ti wúrà inú rẹ̀, ẹ sá fún un.

Ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré dání. Krugerrand, owó ẹyọ wúrà ti Gúúsù Áfíríkà, èyí tó ní wúrà gíráàmù 31.1, máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 33.93, torí bàbà wà nínú rẹ̀. Òun ló jẹ́ kó pọ́n díẹ̀. Bí ìwọ̀n bá pé, àmọ́ tó nípọn jù, ẹ dá a padà. Òòfà kì í fa wúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í fa tungsten náà, tó wúwo bíi wúrà, tí àwọn oníjìbìtì sì ń fi sínú ayédèrú.

Tó bá wà nínú ike PCGS tàbí NGC, àwọn ilé-iṣẹ́ tó máa ń yẹ owó ẹyọ wò tí wọ́n sì ń fi í sínú ike, ẹ yẹ nọ́ńbà ara ike náà wò lórí ìkànnì wọn, kí ẹ sì fi àwòrán ibẹ̀ wé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, títí dórí àpá kéékèèké ara rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ayédèrú ike náà!

Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ má sì fọ owó ẹyọ náà tàbí kí ẹ nù ún kó dán, ó ń dín iye rẹ̀ kù lójú àwọn tó ń kó o jọ.