Ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì díísù tó ní tọ́bò, àti àwọn àfikún tó yẹ píkọ́ọ̀pù

Èéfín tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì. Abẹ̀bẹ̀ kékeré kan wà lójú ọ̀nà èéfín, èkejì wà lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló so méjèèjì pọ̀. Bí ẹrù bá wúwo tí ọkọ̀ sì ń gun òkè, irin yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, èéfín tó ń yí i á sì gbóná kọjá 600°C. Nínú ọ̀pọ̀ tọ́bò, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló gbé irin náà dúró, irin kì í fara kan irin. Ìdí nìyí tí owó ọ́ìlì àti fílítà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú owó bọ́mpà irin àti iná ńlá.

Ọ́ìlì

Iye kìlómítà tí ìwé ọkọ̀ kọ sílẹ̀ wà fún ọkọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ fúyẹ́. Èyí tó ń fa tìrélà, tó ń rin ọ̀nà eléruku, tàbí tó ń rin ìrìn kúkúrú tí ẹ́ńjìnnì kì í fi í gbóná tán, ẹ pín iye yẹn sí méjì. Bí ìwé bá ní 10,000, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000, kí fílítà rẹ̀ sì bá a lọ. Ọkọ̀ tó ní DPF, ìyẹn agolo tó ń gba ìdọ̀tí dúdú inú èéfín, ọ́ìlì tí eérú rẹ̀ kéré ló yẹ ẹ́. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù bóyá ACEA C2 tàbí C3 wà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ bá ṣe sọ. Ìdọ̀tí dúdú máa ń jóná, ṣùgbọ́n eérú ọ́ìlì kì í jóná. Inú DPF ló máa jókòó sí títí yóò fi dí i. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní DPF kò ní ìṣòro yìí. Ọ́ìlì 15W-40 tó ní API CI-4 lára tó fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀. Wáṣà tuntun ni kí ẹ fi sí i nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, kí ẹ sì fi ọ́ìlì tuntun pa etí rọ́bà fílítà. Bí ẹ bá ń da ọ́ìlì sí i, ẹ ṣẹ́ ìdajì lítà kù, ẹ sítáàtì ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó yọ gééjì wò. Àárín àmì méjèèjì ni kó wà. Bí ó bá kọjá àmì òkè, irin ẹ́ńjìnnì á máa lù ú, á hó bí ọṣẹ, á sì gba ọ̀nà èémí lọ bá tọ́bò.

Ford Ranger 3.2 ní ohun kan tó yàtọ̀: bí ọ́ìlì bá ti ń ṣàn jáde, ẹ má fi sílẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10, nítorí páńpù ọ́ìlì rẹ̀ lè gbẹ, kó má sì lè fa ọ́ìlì mọ́ tí ẹ bá sítáàtì. Ẹ kó fílítà, wáṣà àti ọ́ìlì tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì. Ti Toyota Hilux 3.0 D-4D (1KD-FTV) jẹ́ ti wáṣà bàbà tó wà lábẹ́ nósù, ìyẹn ohun tó ń fín díísù sínú ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá ń jò, gáàsì iná á gba ibẹ̀ jáde, á sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà á sì lọ dí asẹ́ ẹnu páńpù nínú sọ́ǹpù, ìyẹn àwo ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Bí asẹ́ bá dí, ọ́ìlì ò ní dé tọ́bò àti bèárìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gééjì ń sọ pé ọ́ìlì kún. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí ọ̀dà yí ìdí nósù ká, tàbí tí ẹ ń gbọ́ ìró fì-fì-fì lábẹ́ ìdérí, ẹ tú nósù, ẹ fi wáṣà tuntun sí i, kí ẹ sì tú sọ́ǹpù wo asẹ́ náà. Wáṣà bàbà kì í ṣe àlòtúnlò.

Nígbà mìíràn, ọ́ìlì á máa pọ̀ sí i lórí gééjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un. Ẹ fi ìka kàn án, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń rùn díísù, yálà nósù ló ń jò, tàbí ẹ ń pa ọkọ̀ nígbà tí DPF ń fọ ara rẹ̀. Lákòókò yẹn, kọ̀ǹpútà ń fín díísù àlékún kí èéfín lè gbóná dé nǹkan bí 600°C, kó sun ìdọ̀tí inú agolo. Bí ẹ bá ń dá a dúró lójoojúmọ́, díísù yẹn á máa ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ́ìlì. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí ọkọ̀ sá lójú ọ̀nà tó já gaara fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 láìdúró.

Bí a ṣe ń pa ọkọ̀

Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè tàbí fa ẹrù dé, ẹ má pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ọ́ìlì ti dúró nìyẹn, ṣùgbọ́n tọ́bò ṣì gbóná janjan. Ọ́ìlì tó há sínú rẹ̀ á gan, á di èédú, á sì máa dín ihò ọ́ìlì kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà ní sílóò fún ìṣẹ́jú 2. Bó bá jẹ́ ìrìn jẹ́jẹ́ láàárín ìlú lẹ ti ń bọ̀, ìdajì ìṣẹ́jú tó. Àwọn kan máa ń ra turbo timer tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí a ti yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n sùúrù awakọ̀ ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́fẹ̀ẹ́. Láàárọ̀, ẹ má tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Afẹ́fẹ́

Eruku díẹ̀ tó bá kọjá fílítà ń ha etí abẹ̀bẹ̀ tọ́bò bí ẹni fi yanrìn ha irin. Ẹ ṣí àpótí fílítà, kí ẹ fi aṣọ funfun nu inú páìpù tó wà lẹ́yìn fílítà, ní ìhà ẹ́ńjìnnì. Bí aṣọ bá pọ́n, eruku ti ń wọlé. Ẹ wo rọ́bà etí fílítà àti gbogbo kílíìpù. Ẹ má fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ fílítà bébà, agbára afẹ́fẹ́ máa ń lu ú ní ihò tí ojú ò rí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Fílítà òwú tí wọ́n ń fi ọ́ìlì pa ò dára tó bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù lára rẹ̀, á fò lọ lẹ̀ mọ́ sáńsọ̀ afẹ́fẹ́.

Snorkel, ìyẹn páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè ọkọ̀, wúlò, nítorí afẹ́fẹ́ òkè mọ́ ju ti ìdí táyà lọ. Ṣùgbọ́n ojú ìsopọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dí pinpin. Ẹ sítáàtì ọkọ̀, ẹ fi pákó pẹlẹbẹ bo ẹnu rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yẹ kó sorí kọ́, kó fẹ́ kú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, ó ń mí níbòmíràn, ibẹ̀ náà sì ni omi máa gbà wọlé. Ẹ má sì gbàgbé páìpù èémí difurẹ́ńsà àti gíábọ́ọ̀sì: ẹ fi ọ́ọ̀sì fà wọ́n gùn sókè kí ẹ tó gbé ọkọ̀ wọ odò.

Bí ọkọ̀ bá ń tú èéfín dúdú, tí kò lágbára mọ́, tó sì ń sú fèé tí ẹ bá tẹ tọ́tù, ọ́ọ̀sì tó ti ara tọ́bò lọ sí intercooler, ìyẹn ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ fín omi ọṣẹ sí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń tẹ tọ́tù. Ibi tó bá ń hó ló ń jò. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú tó sì ti tutù, ẹ yọ ọ́ọ̀sì tó wọ tọ́bò, ẹ fi ìka méjì mú orí irin àárín. Bí ó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Bí ẹ bá fà á síwá sẹ́yìn tó sì ń wá, tàbí tí etí abẹ̀bẹ̀ ti ha ara ilé rẹ̀, tọ́bò yẹn ti parí. Ọ́ìlì fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ọ́ọ̀sì kì í ṣe àrùn, ṣùgbọ́n èyí tó rọ́ jọ bí adágún, àrùn ni.

Díísù

Agbára tí àwọn ẹ́ńjìnnì common rail, ìyẹn èyí tí páìpù kan ń pín díísù fún gbogbo nósù, fi ń ti díísù lè dé 2,000 bar. Omi díẹ̀ tó bá dé orí nósù á jẹ ẹ́. Ẹ máa tú kọ́ọ̀kì ìsàlẹ̀ fílítà díísù lóṣooṣù, kí omi tó wà níbẹ̀ ṣàn jáde, kí ẹ sì pààrọ̀ fílítà láàárín 10,000 sí 20,000 kìlómítà. Bí ẹ bá fẹ́ fi fílítà kejì kún un, ẹ fi èyí tó jẹ́ 30 micron sáájú ti ilé iṣẹ́. Èyí tó bá tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ níwájú lè mú kí ebi díísù pa páńpù. Tí ẹ bá pààrọ̀ fílítà tán, ẹ fi ọwọ́ tẹ páńpù kékeré títí yóò fi le. Ẹ má tú páìpù nósù láé nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: díísù náà lè gún awọ ara wọlé. Ojú ọgbẹ́ á kéré, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn àfikún tó kù

EGR ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì tó ń gba ọ̀nà èémí ẹ́ńjìnnì jáde á pàdé rẹ̀, wọ́n á pò bí ọ̀dà. Catch can, ìyẹn agolo tó ń gba ọ́ìlì yẹn, ń dín in kù. Ẹ máa da a nù nígbàkigbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Bí fílítà inú rẹ̀ bá dí, afẹ́fẹ́ á há sínú ẹ́ńjìnnì, á sì ti rọ́bà síìlì jáde.

Winch, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde, àti iná ńlá tó dúró níwájú rédíétọ̀ ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́. Ẹ gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi omi tí agbára rẹ̀ kéré fọ kòkòrò àti ẹrẹ̀ jáde láti ìhà ẹ́ńjìnnì. Gééjì tó ń wọn ooru èéfín ni àfikún tó dára jù lójú tiwa. Iwájú tọ́bò ni kí sáńsọ̀ rẹ̀ wà. Bí ó bá dúró lókè 700°C, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí jíà kékeré, ẹ rọra. Ẹ rà á kí ẹ tó ra chip, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń fi kún díísù tí ẹ́ńjìnnì ń jó. Bátìrì kejì gbọ́dọ̀ ní fíúùsì lẹ́bàá bátìrì méjèèjì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá gbọ́ mọ́

Bí síìlì tọ́bò bá já, ẹ́ńjìnnì lè máa jó ọ́ìlì tirẹ̀. Á máa pariwo lọ sókè, á tú èéfín búlúù tàbí funfun, yíyọ kọ́kọ́rọ́ ò sì ní pa á. Bó bá jẹ́ jíà ọwọ́, ẹ tẹ búrẹ́kì mọ́lẹ̀ gidi, ẹ fi sí jíà tó ga jù, ẹ tú kílọ́ọ̀ṣì lójijì kó lè kú. Bó bá jẹ́ ọ́tò, pákó tàbí ohun líle ni kí ẹ fi dí ẹnu afẹ́fẹ́, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Tí kò bá sí bí ẹ ṣe lè dé ibẹ̀, ẹ sá jìnnà, irin lè fọ́n jáde. Lẹ́yìn tó bá ti kú, ẹ má sítáàtì rẹ̀ títí tí ẹ ó fi yọ intercooler, tí ẹ ó sì da ọ́ìlì inú rẹ̀ nù tán, nítorí ọ́ìlì yẹn nìkan tó láti mú un sá padà.