Ọkọ̀ tó ti sùn pẹ́ tó wá ń kọ òkè: ibi tí ẹ ti máa kọ́kọ́ wò

Títí a fi kọjá Àrámọ̀kọ ẹnu mi ò dákẹ́, mò ń fọ́nnu fún àbúrò mi pé ṣó o rí i, Pijó 504 bàbá wa ò kú. Wọ́n ti ra ọkọ̀ yẹn nígbà tí Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Òǹdó, ṣáájú 1996, ó sì ti wà lẹ́yìnkùlé n'Ìkẹ́rẹ́ fún ọdún 5 gbáko, adìẹ ń yé sórí síìtì ẹ̀yìn, ìyá mi ní kí n gbé irin yẹn kúrò ní ulé òun jàre. Bátìrì tuntun la gbé sí i, a táàtì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó dáhùn. Afi bá a ṣe kọjá Ìtàwùrẹ́ tí òkè Ẹ̀fọ̀n bẹ̀rẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, mo wọ gíà kejì, mo wọ ìkíní, mo tẹ iná débi tó lè dé, kò fà, ọ̀kadà tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́yìn ló ń yà wá sílẹ̀.

Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó ò tiẹ̀ yọ nǹkan kan, ó ní ẹ́ńjìnì ti lọ, ká lọ wá tokúnbọ̀. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnì yín kẹ́ ẹ tó tọpa epo láti táńkì dé kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó wọ ẹ́ńjìnì. Pé ọkọ̀ dáhùn tó sì dúró dáadáa ní síló, láìtẹ iná, ò sọ nǹkan kan fún yín o, epo tó ń mu lójú kan ò tó nǹkan, ihò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán ṣì lè jò ó fún un, ìgbà tó bá dójú òkè tó ń wá epo rẹpẹtẹ ni àṣírí máa tú.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan epo, nǹkan méjì wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹnì kan tẹ iná mọ́lẹ̀ pátá, kẹ́ ẹ̀yin wo kabúrétọ̀ bóyá ó ń ṣí tán, torí wáyà ẹ̀ lè ti dógùn-ún, kápẹ́ẹ̀tì sì lè há sábẹ́ pẹ́dà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé e sí fíríì níbi tó tẹ́jú, ẹ sọ bíréékì ọwọ́ kalẹ̀, kí èèyàn méjì tì í. Tó bá dà bí ẹni ń ti ògiri, bíréékì ló lẹ̀ mọ́ dúrọ́ọ̀mù, ẹ́ńjìnì ò jẹ̀bi. Tẹ́ ẹ bá ti wà á díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí tó bá dún ṣììì ni kẹ́ ẹ tú.

Ó wá kan epo. Bẹntiróòlù kì í ṣe ọtí ògógóró, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbó kó dùn, láàárín oṣù 3 sí 6 ló ti ń bàjẹ́, èyí tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á máa di gọ́ọ̀mù. Ẹ fà díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, níta o, kò gbọdọ̀ sí sìgá tàbí iná nítòsí. Tiwa pọ́n bíi tíì, ó ń rùn bí ọ̀dà, omi sì dá dúró nísàlẹ̀ ẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí pupa. Irú èyí, ẹ má fi tuntun là á, ẹ dà á nù tán, ẹ sọ táńkì kalẹ̀ kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ pààrọ̀ fíltà àti họ́ọ̀sì rọ́bà, nítorí inú rọ́bà máa ń wú kó dí láìjẹ́ pé ẹ̀yìn ẹ̀ fi hàn. Kẹ́ ẹ wá yọ họ́ọ̀sì lẹ́nu kabúrétọ̀, ẹ kì í bọ ìgò, ẹ yọ wáyà kékeré orí kọ́ìlì kó má baà táná, kẹ́nì kan máa táàtì. Ó yẹ kí epo máa tú púù, púù. Tó bá kàn ń sun bí omijé, tí họ́ọ̀sì àti fíltà sì ti di tuntun, awọ inú pọ́ǹpù ti gbẹ nìyẹn.

Ìdérí táńkì tún ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Táńkì gbọ́dọ̀ máa mí, tí ojú ihò tó fi ń mí bá dí, epo ò ní lè jáde. Lójú òkè Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ náà, àbúrò mi kàn ṣí i láti wò ó bóyá epo ti tán, ó dún fììì, ọkọ̀ sì fà fún bí ìṣẹ́jú méjì kó tó tún kú sílẹ̀. Amọ̀ ni agbọ́n fi dí i.

Èyí tó kù wà nínú kabúrétọ̀. Jẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn irin oníhò tí epo ń gbà kọjá, ò ju èékánná ìka kékeré lọ, ẹ gbé e sókè síbi oòrùn, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ róbótó láàárín ẹ̀. Tèmi, bí ojú abẹ́rẹ́ ni mo rí, gọ́ọ̀mù ti yí i ká bí oje igi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú epo tuntun, ẹ gbé e lọ bá fọkanáísà kó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ ò gbọdọ̀ ki wáyà bọ̀ ọ́! Tẹ́ ẹ bá fẹ ihò yẹn lójú pẹ́nrẹ́n, títí ayé ni á máa mu epo bí ẹni mu omi tí á sì máa yọ èéfín dúdú.

Tí epo bá ti já geere tí ọkọ̀ ò sì tíì fà, ẹ wo inú fíltà atẹ́gùn (ìtẹ́ èkúté la bá), kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ sẹ́nu sàlẹ́ńsà, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa jáde tagbáratagbára. Kí rewáyà ha kọ́ńtáàtì tó ti dógùn-ún, kó wo wáyà plọ́ọ̀gì bóyá eku ti jẹ ẹ́. Plọ́ọ̀gì tó funfun lẹ́nu, ebi epo ló ń pa á, èyí tó dúdú, epo ti pọ̀ jù fún un.

Ìgbẹ̀yìn pátá la tó ń wọn kọ̀ńpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sílíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún atẹ́gùn pọ̀ tó. Ká ní sílíńdà mẹ́ta wà ní 130 psi, tí ìkẹrin wà ní 80, ẹ da ọ́ìlì síbí kan sí ìyẹn kẹ́ ẹ tún un wọ̀n, tó bá gòkè, ríìnì písítìnì ló lẹ̀, wọ́n sì máa ń jára sílẹ̀ fúnra wọn tẹ́ ẹ bá wà á fún ọjọ́ mélòó kan, tí kò bá gòkè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù, ìgbà yẹn lẹ lè jẹ́ kí wọ́n ṣí tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnì.

Kẹ́ ẹ ju fíltà epo mìíràn sínú bútù o, ìdọ̀tí táńkì tó gbó kì í tán lẹ́ẹ̀kan. Tiwa gun òkè Ẹ̀fọ̀n pẹ̀lú gíà kẹta lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó délé ìsìnkú tá à ń lọ, ó wá kú síbẹ̀ nígbà tá à ń bọ̀. Fíltà ni, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi pààrọ̀ ẹ̀.