Dọ́là 412 tí eruku White Sands gbà lọ́wọ́ mi

Dọ́là 412. Iye tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nìyẹn láti yọ eruku kúrò nínú lẹ́ńsì kan ṣoṣo. Owó bàálù mi láti Houston lọ sí El Paso, àlọ àti àbọ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, torí pé ohun tó yẹ kí n mọ̀ ni. Ilé fọ́tò ni wọ́n bí mi sí. N'Ìṣẹ́yìn, tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, abẹ́ ìró ìyá mi ni bàbá mi ti máa ń pààrọ̀ fíìmù. Wọ́n á da ìró bo orí àti kámẹ́rà, ọwọ́ wọn nìkan la ó máa rí tó ń jà lábẹ́ aṣọ. "Sàhárà ló ń fẹ́ yẹn o," wọ́n á ní. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ ti kó sí mi lórí.

Sàhárà ò tíì ṣeé ṣe fún mi, àmọ́ Amẹ́ríkà náà ní tirẹ̀. White Sands wà ní New Mexico, lẹ́bàá ìlú Alamogordo. Yanrìn ibẹ̀ kì í ṣe irú èyí tá a mọ̀. Gypsum ni, ohun tí wọ́n fi ń ṣe POP tó wà lájà ilé àwọn olówó. Omi ló ń ṣàn án wá láti ara òkè, adágún á gbẹ, á di kírísítà, atẹ́gùn á wá lọ̀ ọ́ kúná. Ó funfun bíi kí lèèyàn máa sọ, ó sì tutù lẹ́sẹ̀ kódà lọ́sàn-án gangan.

Bí wọ́n ṣe ń débẹ̀ kò le: ẹ yá mọ́tò ní El Paso, ẹ san owó ẹnu géètì, ẹ gbé omi dání torí kò sí omi lójú ọ̀nà inú ibẹ̀. Ẹ kàn kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn ológun ń dán ohun ìjà wò lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n a máa ti ọ̀nà fún wákàtí mélòó kan.

Oṣù Kẹrin ni mo kọ́kọ́ lọ, torí owó bàálù wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ìgbà yẹn ni atẹ́gùn ń jà níbẹ̀ jù. Ká sòótọ́, wọ́n kọ ọ́ síbi gbogbo, èmi ni mi ò kà á.

Oòrùn fẹ́ wọ̀, òjìji ti bo apá kan òkìtì yanrìn kọ̀ọ̀kan, òkè San Andres dúdú lẹ́yìn wọn lọ́hùn-ún. Mo rí i pé lẹ́ńsì gígùn ló máa mú òkè yẹn súnmọ́. Àbúrò tá a jọ lọ ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ẹ̀ nínú mọ́tò." Mọ́tò tó jẹ́ ìrìn ogún ìṣẹ́jú! Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo kẹ̀yìn sí atẹ́gùn, mo yọ lẹ́ńsì kékeré, mo ń ki èyí tó gùn, 70-200, bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti yíjú padà. Nígbà tí mo yí òrùka lẹ́ńsì náà, mo gbọ́ ọ: kírrr, bí ìgbà téèyàn jẹ gààrí tó ní yanrìn nínú.

Nílé, mo ya ògiri funfun kan ní f/22, ìyẹn ni pé mo dín ihò lẹ́ńsì kù gan-an kí eruku inú kámẹ́rà lè hàn, mo wá ń ka àmì dúdú tó wà lára fọ́tò náà. Nígbà tó di 60, mo jáwọ́. Mo dojú kámẹ́rà kọlẹ̀, mo fi rọ́bà tí wọ́n ń tẹ̀ fẹ́ inú ẹ̀. (Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ o, itọ́ burú ju eruku lọ.) 60 di nǹkan bí 40. Mo tún fẹ́ ẹ, 40 ò yẹsẹ̀.

Mo ra ọ̀pá tí wọ́n fi ń nu sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú kámẹ́rà. Ẹ̀kán oògùn méjì, mo fà á láti òsì sí ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan péré, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí. Àmì dúdú lọ, ilà rádaràda dé. Bóyá oògùn ló pọ̀ jù ni o, bóyá gypsum ló yọ́, ohun tí mo mọ̀ ni pé ó dà bíi pé mo ń rẹ́ POP sára sẹ́ńsọ̀. Ọ̀pá mẹ́fà, òru méjì. Lóru kejì ìyàwó mi yọjú: "Bàbá Ìbejì, ṣé kámẹ́rà lẹ gbé níyàwó ni?" Ọ̀pá kẹfà ló mú un mọ́, ẹ̀kán oògùn kan ṣoṣo ni mo sì lò. Ẹ̀kan, kì í ṣe méjì!

Lẹ́ńsì lèmi ò lè dá ṣe. Àwọn tó ń tún un ṣe sọ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, dọ́là 180. Ó di ọ̀sẹ̀ méje. Tí mo bá pè, wọ́n á ní wọ́n ti ń ṣe é lọ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n tú u tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní eruku ti dé ibi tí wọn ò fojú sí, ni owó bá fò sí 412. Ọpẹ́ ni pé gypsum rọ̀, èékánná lè ha á. Ká ní yanrìn etí òkun ni, gíláàsì gan-an ìbá ti ha.

Oṣù Kọkànlá ni mo padà. Mo yá kámẹ́rà kejì ní dọ́là 60 fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sì ti wà lórí tirẹ̀ láti hòtẹ́ẹ̀lì. Mo tún ká ìró ìyàwó mi sínú báàgì, bó bá di dandan. Mo fi ìmọ́lẹ̀ kún ohun tí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ fẹ́, ó tó ìwọ̀n kan àbọ̀, nítorí tó bá rí funfun báyìí, yóò sọ ọ́ di eérú fún ọ. Igi yucca kan dá dúró lórí òkìtì, oòrùn mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo mú un. Mo mú un dáadáa!

Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí WhatsApp. Wọ́n fi ohùn dá mi lóhùn: "Ọmọ mi, ta ló sá láfún tó pọ̀ tó báyìí?"