Fóònù Màámi ní Mákùn: bí mo ṣe dín ìpè ìpolówó kù láì lé oníbàárà obì sá

Ìkọ́kọrẹ́ ló wà lórí iná lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti sè é rí mọ̀ pé ewùrà kì í fẹ́ kéèyàn fi òun sílẹ̀. Bí ẹ bá ti bù ú sínú ọbẹ̀ tán, ẹ ó dúró tì í ni, iná ò sì gbọdọ̀ pọ̀. Àárín ìgbà náà ni fóònù dún ní pálọ̀. Màámi fi ṣíbí sílẹ̀, wọ́n ń kánjú lọ pẹ̀lú orúnkún tó ti ń dùn wọ́n láti ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ wọn kọ́ etí rọ́ọ̀gì, wọ́n sì fi ẹ̀gbẹ́ sọlẹ̀ lára àga. Nígbà tí wọ́n fi máa dìde gbé fóònù náà, ohùn obìnrin kan tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ 1 bí wọ́n bá fẹ́ orin tuntun tí yóò máa dún sétí ẹni tó bá pè wọ́n.

Eegun kankan ò ṣẹ́, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ náà wú fún ọjọ́ mélòó kan, ewùrà sì jóná. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi lálẹ́, mi ò lè sùn. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé, Màámi wà nílé wa ní Mákùn, ní Ṣàgámù. Mo ti ń gbọ́ tí wọ́n ń ráhùn nípa ìpè yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mò ń sọ pé ‘ẹ má dá wọn lóhùn.’ Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá kéèyàn má dá wọn lóhùn.

Kí n ṣàlàyé fóònù náà. Fóònù orí tábìlì ni, èyí tó ní agbọ́hùn tí wọ́n máa ń gbé lé etí, ṣùgbọ́n síìmù ló ń lò. Bàbá wa ti ní fóònù NITEL nígbà kan, ti ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba àtijọ́ tó ń lo wáyà. Nígbà tí ìyẹn kú pátápátá, irú èyí ni wọ́n rà torí pé ó jọ ti àtijọ́, ọwọ́ Màámi sì ti mọ́ ọn. Gbànja ni Màámi ń tà. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí nọ́ńbà fóònù náà ti wà lára bọ́ọ̀dù ìsọ̀ wọn, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ àwọn Hausa tó ń ra obì ní Sábó àti àwọn tó wà ní Kánò tí wọ́n ń ránṣẹ́ wá.

Ibí yìí ni gbogbo ìmọ̀ràn tí àwọn èèyàn ń fún wa ti ń forí ṣánpọ́n. ‘Kí wọ́n má gbé nọ́ńbà tí wọn ò bá mọ̀.’ Oníbàárà Màámi lè pè lónìí pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀, kó pè lọ́la pẹ̀lú ti awakọ̀ tó gbé ẹrù, kí ọmọ rẹ̀ pè lọ́tùn-ún-la. Oníbàárà tuntun tí wọ́n júwe ìsọ̀ fún, nọ́ńbà tí a ò mọ̀ náà ni yóò fi pè. Bí Màámi ò bá gbé e, ìsọ̀ kejì ló máa pè, agbọ̀n obì sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó kòkòrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn ìpè burúkú nìkan la fẹ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́.

Kí n tó kúrò nílé, mo bẹ ọmọ àbúrò mi tó ń gbé lọ́dọ̀ Màámi pé kó mú ìwé kan, kó máa kọ gbogbo ìpè tó bá wọlé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan: aago mélòó, nọ́ńbà wo, ta ni, kí ló fẹ́. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èmi ti rò pé gbájúẹ̀ ló pọ̀ jù. Nígbà tí mo dé Ṣàgámù lọ́jọ́ Sátidé tí mo ka ìwé náà, ìpè mẹ́tàlélógójì ló wà níbẹ̀. Mẹ́tàdínlógún jẹ́ ti èèyàn gidi, oníbàárà àti mọ̀lẹ́bí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ jẹ́ mọ́kàndínlógún. Márùn-ún jẹ́ ti àwọn tó fẹnu ara wọn polówó ọjà. Gbájúẹ̀ jẹ́ méjì péré. Ẹ̀rọ ló ń da Màámi láàmú jù, ó sì dára pé òun gan-an ló rọrùn jù láti dá dúró.

Ọdún 2016 ni NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, pàṣẹ fún àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù pé kí wọ́n fún oníbàárà láyè láti kọ ìpolówó. Nọ́ńbà 2442 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló sì ń lò ó. Orí síìmù tí ẹ fẹ́ dáàbò bò ni ẹ ti máa fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́, kì í ṣe orí fóònù ọmọ yín. Mo kọ́kọ́ fi HELP ránṣẹ́ kí Màámi lè gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀, torí ẹ lè yan ẹ̀ka tí ẹ ṣì fẹ́ kí wọ́n máa fi ìkéde rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín: ti báńkì, ti ilé àti ilẹ̀, ti ẹ̀kọ́, ti ìlera, títí dé ti eré ìdárayá àti ẹ̀sìn. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n dúró díẹ̀ lórí ti ìlera, wọ́n ní, ‘Dókítà tó ń tọ́jú orúnkún mi ò fi tẹ́ẹ̀sì pè mí rí. Gé gbogbo ẹ̀.’

Ẹni tó bá fẹ́ gé gbogbo rẹ̀ yóò kọ STOP, yóò sì fi ránṣẹ́ sí 2442. Lórí fóònù oníbọ́tìnnì, ẹ ó tẹ 7 nígbà mẹ́rin kí S tó jáde, 8 lẹ́ẹ̀kan fún T, 6 lẹ́ẹ̀mẹta fún O, 7 lẹ́ẹ̀kan fún P. Mo jẹ́ kí Màámi fúnra wọn tẹ̀ ẹ́. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún un tẹ̀, èsì sì wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti mú, ẹ fi STATUS ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kan náà.

Ẹ̀rù kan ń bà wá, pé bóyá álẹ́ẹ̀tì báńkì náà ò ní wọlé mọ́. Mo fi ẹgbẹ̀rún náírà ránṣẹ́ sí àkáǹtì wọn lọ́jọ́ kejì, álẹ́ẹ̀tì wọlé. Ẹ dán tiyín náà wò, kó má jẹ́ ọjọ́ tí owó ọjà bá wọlé lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà pè wá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ó ní àwọn náà ní ìwé orúkọ tí ìjọba ṣí ní 2003, tí ẹni tí kò bá fẹ́ ìpè ìpolówó máa ń fi nọ́ńbà rẹ̀ sí. Ó ní olówò tó bẹ̀rù òfin nìkan ló ń ka ìwé yẹn kún, oníjìbìtì kì í wò ó. Ọ̀rọ̀ yẹn wúlò fún mi gan-an. Ó jẹ́ kí n ṣàlàyé fún Màámi ṣáájú pé 2442 ò ní dí gbájúẹ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n má baà rò pé ẹni tó bá ti ráyè pè wọ́n lẹ́yìn èyí, olóòótọ́ ni.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni owó. Ó ti pẹ́ tí Màámi ti ń sọ pé káàdì tí wọ́n ń rà kì í pẹ́ tán, a sì ń rò pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí fóònù ni. Mo pe 300, tó jẹ́ nọ́ńbà kọ́sítọ́mà kíà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, mo ní kí ọ̀dọ́mọbìnrin tó dáhùn ka gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lórí síìmù náà fún wa. Mẹ́ta ni: orin olùpè, ìròyìn bọ́ọ̀lù, àti àdúrà òwúrọ̀. Màámi ò mọ ẹsẹ̀ kan nínú bọ́ọ̀lù! Gbogbo ìgbà tí ohùn yẹn bá ní kí wọ́n tẹ 1, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ torí wọ́n rò pé ìyẹn ni yóò jẹ́ kó dákẹ́, ńṣe ni wọ́n ń fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa yọ owó. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà fagi lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú ẹsẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù. Láti 2023, nígbà tí NCC sọ àwọn nọ́ńbà kúkúrú di ọ̀kan náà lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 305 ni wọ́n yàn fún dídá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró. Èmi fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn ni mo ṣe pe 300. Bí ẹ bá ní òbí tó ti dàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí fún wọn lónìí, bí ẹ ò bá tiẹ̀ ṣe ìyókù.

Ti àwọn márùn-ún tó ń fẹnu ara wọn polówó ò gba wàhálà. Mo pe nọ́ńbà wọn padà. Ọ̀kan ń ta ilẹ̀. Mo sọ fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún ìyá mi lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n máa fi nọ́ńbà wọn polówó, mo sì bi í pé níbo ló ti rí i. Ó ní orí bọ́ọ̀dù ìsọ̀ ni. Ó tọrọ àforíjì, kò sì pè mọ́. Fóònù náà ní àyè tí a lè fi ti nọ́ńbà kan mọ́ta. Mo fi nọ́ńbà àwọn méjì tó fi agídí pè síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi àyè yẹn ṣòfò lórí ìpè ẹ̀rọ, nọ́ńbà míì ni wọ́n máa fi pè lọ́la.

Ó wá ku gbájúẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ti sọ fún Màámi pé wọ́n ti ti káàdì ATM wọn pa, kí wọ́n ka nọ́ńbà ojú rẹ̀ fún òun. Aládùúgbò tó wọlé wá ra obì ló gba fóònù náà lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó ti Màámi, mo ní, ‘Màámi, báńkì ò ní pè yín láéláé pé kí ẹ ka PIN tàbí nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù yín. Ẹni tó bá bèèrè rẹ̀, ẹ gbé fóònù kalẹ̀. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má kí i pé ó dàbọ̀.’ Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló nira fún wọn. Wọ́n ní, ‘Ṣé kí n gbé fóònù kalẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ létí ni?’ A fi í ṣeré títí ó fi mọ́ wọn lára: èmi á pè láti ìta bí òṣìṣẹ́ báńkì, wọn á gbé e kalẹ̀.

Ìwé tí ọmọ náà kọ jẹ́ kí n rí ohun kan sí i: ìpè ẹ̀rọ kì í tún pè lójú ẹsẹ̀. Èèyàn gidi tó nílò obì á tún un pè. Nítorí náà a bẹ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pè. Màámi fi Hausa ọjà tí wọ́n gbọ́ sọ ọ́ fún àwọn ará Kánò, mo sì lẹ ìwé kan mọ́ bọ́ọ̀dù ìsọ̀ fún ẹni tuntun. Bí fóònù bá dún nígbà àkọ́kọ́, Màámi ò ní dìde. Bí ó bá tún dún, wọ́n á rọra gbé e. Kí wọ́n má baà rìn jìnnà, mo gbé fóònù náà kúrò ní pálọ̀ lọ sórí tábìlì kékeré lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Síìmù ló ń lò, kò ní wáyà kankan ju ti iná lọ. Ọdún mélòó ni a fi gbé e sí pálọ̀ torí pé ibẹ̀ ni ti NITEL wà! Mo ká rọ́ọ̀gì náà pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọmọ náà tún kọ ìpè ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀. Ó jẹ́ mẹ́rìnlélógún. Méjìdínlógún jẹ́ ti èèyàn gidi, ohùn ẹ̀rọ jẹ́ mẹ́ta, olùpolówó méjì, gbájúẹ̀ kan, tí Màámi gbé fóònù kalẹ̀ mọ́ létí. Mo ti pe ilé-iṣẹ́ fóònù nípa mẹ́ta tó kù, mo sì gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, torí ìyẹn ni NCC máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Bí wọn ò bá ṣe nǹkan kan sí i títí di Ọjọ́rú tó ń bọ̀, 622, nọ́ńbà tí NCC fi ń gba ẹ̀sùn, ni mo máa pè.