Bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ gọ́tà àti omi àwọn aláró wọ ètò ìnáwó káńsù

Aláró ni mí ní Abẹ́òkúta, ìdí iṣẹ́ yìí ni wọ́n bí mi sí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ráhùn láàárín ara wa pé omi wọ́n, gọ́tà dí, ayédèrú àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà sì ń gba ọjà mọ́ wa lọ́wọ́ ní Ìtòkú. Lọ́dún tó kọjá, ẹgbẹ́ wa ní kí n kọ ọ̀rọ̀ náà fún káńsù, kó lè bá ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀ wọlé. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ṣe é, torí ó lè wúlò fún oníṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Òfin ni mo kọ́kọ́ wò. Abala 7 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀ ni láti kópa nínú ètò ọrọ̀ ajé àti ìdàgbàsókè agbègbè rẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé náà sì ka ọjà, ibùdókọ̀, gọ́tà àti kíkó ìdọ̀tí mọ́ iṣẹ́ káńsù. Ohun tí mo fi dá àwọn tó fẹ́ ká tọrọ owó pínpín lóhùn nìyẹn. Owó tí a bá pín á tán. Gọ́tà tó bá ń ṣàn, gbogbo wa la ó jọ jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn kan tún ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà, ká kàn jókòó, iṣẹ́ á dé. Mo ní owó lè dé kó má kàn wá, bí gọ́tà wa ò bá sí nínú ìwé.

Kíka iye àwọn aláró àti ohun tí wọ́n ń lò, ká lè kọ ọ́ sínú ìwé náà, ló le jù. Bí mo ṣe yọ bébà jáde báyìí, àwọn ìyá dákẹ́. "Ọmọ mi, ta ló rán ẹ? Ṣé owó orí ni wọ́n tún fẹ́ bù lé wa?" Mi ò bá wọn wí. Ní ìlú yìí ni àwọn obìnrin ti tẹ̀ lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti lọ́dún 1947 láti kọ owó orí, títí Aláké Adémọ́lá fi sọ̀kalẹ̀ lórí ìtẹ́ ní 1949. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. A wá fẹnu kò pé a ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Láti àgbàlá dé àgbàlá ni mo ti ka ìkòkò aró, dúrọ́ọ̀mù omi tí wọ́n ń rà lọ́sẹ̀, àti àwọn ọmọ iṣẹ́. Ìyá àgbà kan fà mí lọ́wọ́ dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Omi aró tí wọ́n dà nù láàárọ̀ ṣì dúró sínú kòtò, ó dúdú kirikiri, kọ́sítíìkì, sódà tí a ń pò mọ́ aró, ti jó gbogbo koríko etí kòtò, kànga wọn ò sì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kòtò yẹn ni mo fi ṣáájú nínú ìwé náà.

Ní ọ́fíìsì ètò ní káńsù wa, ẹ̀gbọ́n tó gbà wá lálejò ka ìwé náà tán, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n níbo gan-an? Eélòó ni? Ta ni yóò máa tọ́jú ẹ̀?" Ìbéèrè yìí ló dá wa padà sílé láti ṣiṣẹ́ gidi. A fa téèpù láti àgbàlá àkọ́kọ́ dé gọ́tà ńlá, bíríkìlà bá wa ṣírò búlọ́ọ̀kù, sìmẹ́ǹtì àti iyanrìn. Ti omi, ẹni tó ń gbẹ́ bọ́họ̀ là á mọ́lẹ̀ fún wa pé òkúta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Abẹ́òkúta. Bí a ò bá kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò, a lè náwó ká má kan omi. A bá pín in sí méjì: àyẹ̀wò ilẹ̀ lọ́dún kan, gbígbẹ́ rẹ̀ lọ́dún kejì.

Mo fi kòtò ìsẹ́mi kún gọ́tà náà, níbi tí omi aró yóò ti kọ́kọ́ silẹ̀. Bí kò bá sí èyí, ńṣe la kàn ń gbé májèlé wa lọ fún àwọn tó ń pọn odò Ògùn. Ní ti ìtọ́jú, ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé àgbàlá kọ̀ọ̀kan yóò máa kó gọ́tà iwájú rẹ̀, a ó sì máa dá owó oṣooṣù.

Oṣù kẹjọ ni a fi ìwé sílẹ̀, kí àwọn ẹ̀ka tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìṣirò wọn jọ fún alága. Ẹ tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí èyí tí ẹ ó mú dání lọ sílé. Ẹ fún kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín ní tirẹ̀ pẹ̀lú, torí òun ni yóò sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá jókòó lé e lórí.

Nígbà tí ètò ìnáwó jáde, gọ́tà àti kòtò rẹ̀ wà níbẹ̀, àyẹ̀wò ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àtíbàbà ìsáṣọ tí a tún béèrè fún nínú ìwé náà kò wọlé. A ti yan àwọn tí yóò máa lọ béèrè ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde títí kọngílá yóò fi gbé ṣọ́bìrì dé, èmi sì ti ń wọn ilẹ̀ àtíbàbà náà fún oṣù kẹjọ tó ń bọ̀.